Bougainvillea mi kì í tanná mọ́ tó bá ti délé: kí ni kí n gbìn tó máa jẹ́ pọ́pù?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Lugbe ní Abuja ni a kọ́lé sí, ọdún kejì rèé tí a kó wọ̀ ọ́. Àwọ̀ pọ́pù ni mo fẹ́ràn jù láyé, mo sì fẹ́ kí gbogbo iwájú ilé mi jẹ́ pọ́pù látòkè délẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ra bougainvillea lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó létí títì. Tí mo bá ń rà á, òdòdó á bò ó. Kò ní pé ọ̀sẹ̀ méjì tó délé, gbogbo ẹ̀ á wọ́ dànù, ewé nìkan ni mo sì ń rí láti ìgbà náà. Mò ń bomi rin ín láràárọ̀, mo sì ń da ìgbẹ́ adìẹ sí i. Aládùúgbò mi kan ní kí n máa po búlúù ìfọṣọ mọ́ omi rẹ̀ kí àwọ̀ rẹ̀ lè padà wá. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìlọrin ní kí n fi í sílẹ̀, kí n gbin lafẹ́ńdà, òdòdó pọ́pù olóòórùn dídùn yẹn. Àwọn Ìbejì mi jẹ́ ọmọ ọdún méjì, omi méruwà la sì ń rà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Kí ni kí n gbìn? Èmi Ìyá Ìbejì, Lugbe."

Ìyá Ìbejì, mo kí yín, ẹ bá mi kí àwọn ọmọ. Ẹ má bínú pé ìdáhùn yìí máa gùn. Ìbéèrè yín jọ èyí tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn oníbàárà mi ní Kubwa lọ́dọọdún, pàápàá láti oṣù Kejì títí òjò á fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń dùn yín ni pé àwọ̀ lẹ sanwó fún, ewé lẹ gbé délé, ẹ sì ti lè máa rò pé ẹni tó tà á fún yín ló rẹ́ yín jẹ, tàbí pé ọwọ́ yín ni kò bá igi mu. Méjèèjì kọ́. Ẹ̀ ń kẹ́ igi náà jù ni, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ tí kò yẹ ẹ́ lára ilé lẹ gbìn ín sí.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ àwọ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà ní àgbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun. Ẹyẹ àlùkò yìí la fi ń pe àwọ̀ tí ẹ fẹ́ràn, ẹ sì wò ó: ẹyẹ tó losùn la fi sọ orí àwọ̀ tó jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ aró ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ọgbà. Pọ́pù ti bougainvillea, ti osùn ni. Ó gbóná, ó ń pariwo láti òkèèrè. Pọ́pù ti jacaranda, igi ńlá olódòdó yẹn, ti aró ni. Ó tutù, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Tí ẹ bá kó méjèèjì sójú kan, lójú tèmi, ti osùn á mú kí ti aró dà bí aṣọ tó ti ṣá. Tí ẹ bá sọ fún ẹni tó ń ta òdòdó pé "pọ́pù" lẹ fẹ́, èyí tó bá wà nílẹ̀ ló máa gbé fún yín. Obìnrin kan gbé gèlè rẹ̀ wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó ní àwọ̀ yìí gan-an lòun ń wá. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ fún àwọn ẹlòmíràn pé kí wọ́n mú aṣọ wá.

Ó wá kan bougainvillea. Ohun tí ẹ̀ ń pè ní òdòdó lára rẹ̀ kì í ṣe òdòdó. Ẹ já ọ̀kan, ẹ wo àárín rẹ̀: ẹ ó rí ohun funfun tín-ín-rín tó lanu bíi fèrè. Ìyẹn ni òdòdó. Mẹ́ta aláwọ̀ tó yí i ká, ewé ni wọ́n, ewé tó múra kí kòkòrò lè rí ọ̀nà. Ilẹ̀ Brazil ló ti wá, orúkọ rẹ̀ sì ni wọ́n fi sọrí Bougainville, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó fi ọkọ̀ ojú omi yí ayé ká láàárín 1766 sí 1769. Àmọ́ ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ nìyí: níbi tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka, ojú kékeré kan wà níbẹ̀ tó lè di ẹ̀gún, tó sì lè di òdòdó. Ojú kan náà ni. Tí ara bá tu igi náà, tí omi pọ̀, tí ajílẹ̀ pọ̀, tí ìbòòji wà, ẹ̀gún ni ojú yẹn máa dà, ẹ̀ka á sì máa gùn lọ. Tí oòrùn bá mú un dáadáa, tí òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́ díẹ̀, á di òdòdó. Ẹ lọ wo tiyín báyìí. Tí ẹ bá rí ẹ̀ka gígùn tó kún fún ẹ̀gún láìsí àwọ̀ kankan, ẹ ti rí ìdáhùn.

Ẹ wo bó ṣe wà létí títì. Inú náílọ́ọ̀nù dúdú kékeré ló wà, gbòǹgbò rẹ̀ ti há, kò sí òrùlé lórí rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, ẹni tó ń tà á sì ń ṣọ́ omi lò torí owó lòun náà fi ń rà á. Ìyà díẹ̀ yẹn ló mú kó tanná bẹ́ẹ̀. Ẹ wá gbé e délé, ẹ là á lọ́nà: ilẹ̀ tó gbòòrò, omi láràárọ̀, ìgbẹ́ adìẹ tí náítírójìn inú rẹ̀ ń ti ewé jáde. Kí ló tún fẹ́ máa tan fún? Ti bó ṣe wọ́ àwọ̀ dànù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Gbòǹgbò bougainvillea tín-ín-rín, ó sì máa ń tètè já. Tí wọ́n bá fa náílọ́ọ̀nù rẹ̀ yọ, tí wọ́n sì gbọn yẹ̀pẹ̀ dànù kí wọ́n tó gbìn ín, ohun tó kọ́kọ́ máa jù sílẹ̀ ni àwọ̀. Ọ̀bẹ ni kí ẹ fi la náílọ́ọ̀nù náà nínú kòtò, kí ẹ sì fa á jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí yẹ̀pẹ̀ má tú.

Ẹ ò sọ ibi tí iwájú ilé yín kọjú sí, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Abuja wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 9 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Láti bí àárín oṣù Kẹrin títí dé òpin oṣù Kẹjọ, oòrùn ọ̀sán máa ń gba apá àríwá kọjá lókè wa. Ní gbogbo ìyókù ọdún, apá gúúsù ló ń gbà. Nínú oṣù Kejìlá, ògiri tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10 máa ń na òjìji tó ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ díẹ̀ sí apá àríwá, ní ọ̀sán gangan. Ẹ wá rò ó wò: tó bá jẹ́ àríwá ni iwájú ilé yín kọjú sí, igi tí ẹ gbìn mọ́ ògiri níbẹ̀ kì í rí oòrùn ọ̀sán àfi ní àsìkò òjò, nígbà tí ìkùukùu sì bo ojú ọ̀run. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tó yẹ kí bougainvillea gba ìjọba, inú òjìji ló wà. Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí. Mo gbin ogójì bougainvillea mọ́ ògiri apá àríwá fún oníbàárà kan ní Gwarinpa, ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi ń fi ewé dá wa lóhùn. Owó ara mi ni mo fi kó gbogbo wọn lọ sí ẹ̀yìn ilé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti tan. Kọ́ńpáàsì wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù. Ẹ dúró síwájú ilé, ẹ wò ó. Èmi tí mi ò tíì dé ilé yín, ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí kò ju ibi tí kọ́ńpáàsì yẹn bá tọ́ka sí lọ.

Búlúù ìfọṣọ ńkọ́? Ẹ fi fọṣọ. Mo mọ ibi tí aládùúgbò yín ti gbọ́ ọ. Òdòdó kan wà tí wọ́n ń pè ní hydrangea, tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń di búlúù tí ilẹ̀ bá kan díẹ̀, torí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kí gbòǹgbò rẹ̀ rí alumíníọ́ọ̀mù fà mu. Fídíò rẹ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló bá di pé gbogbo òdòdó ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Àwọ̀ kò dọ́gba nínú igi. Ẹ bu zobo tí kò ní ṣúgà sínú ife méjì, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ọ̀kan, ẹ sọ káún díẹ̀ sínú èkejì. Ọ̀kan á pọ́n dẹ̀dẹ̀, èkejì á ṣú, á fẹ́ di búlúù tàbí aláwọ̀ ewé. Ohun tó ń kun ìṣápá tí a fi ń ṣe zobo ló máa ń yí padà báyẹn. Ohun tó ń kun bougainvillea yàtọ̀, irú èyí tó wà nínú tẹ̀tẹ̀ pupa ni, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ka ọsàn tàbí káún sí. Búlúù tí ẹ bá dà sílẹ̀, yẹ̀pẹ̀ ló máa kùn.

Lafẹ́ńdà dùn ún wò, mi ò ní purọ́, èmi náà fẹ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbìn ín. Ẹ̀kẹta ló pẹ́ jù, inú ìkòkò amọ̀ tí mo fi iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ kún, oṣù Kẹjọ ni gbòǹgbò ẹ̀ jẹrà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn ilẹ̀ etí òkun Mẹditaréníà tó ti wá, bíi gúúsù ilẹ̀ Faransé, nígbà tí ilẹ̀ bá gbóná ni òjò ń dá níbẹ̀, nígbà tó bá tutù ni òjò ń rọ̀. Tiwa kọ́ nìyẹn. Nínú oṣù méje tí òjò wa fi ń rọ̀, ooru ò lọ síbì kankan. Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé tó bá jẹ́ òórùn ló ń wá, ẹfinrin ò ní já a kulẹ̀.

Kí ni kí ẹ wá gbìn? Ẹ pín ọdún sí méjì, ẹ má wá igi kan tó máa tan láti oṣù Kìíní dé Ìkejìlá.

Fún ìgbà òjò, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Thunbergia erecta. Ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé láti òkè òkun ló ti wá. Kì í fi bẹ́ẹ̀ ga ju ènìyàn lọ, ó ṣeé gé bí ọgbà, òdòdó rẹ̀ pọ́pù tí ọ̀fun rẹ̀ sì pọ́n bí ìyeyè, kò sì kọ ìbòòji díẹ̀. Tó bá jẹ́ àríwá ni iwájú ilé yín kọjú sí, òun ni kí ẹ fi rọ́pò bougainvillea mọ́ ògiri. Ní ẹ̀ẹ̀rùn á ní kí ẹ fún òun lómi o, kò ní fara da gbígbẹ bíi ti bougainvillea. Lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ fọ́n Gomphrena, èyí tí òdòdó rẹ̀ rí rogodo bíi bọ́tìnnì. Nínú oṣù Karùn-ún ni kí ẹ fọ́n ọn, bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà á ti tan, kódà tó bá gbẹ pátápátá, àwọ̀ rẹ̀ kì í lọ. Ẹ má ra kóró rẹ̀. Ẹ tọrọ orí mẹ́rin tó ti gbẹ lọ́wọ́ ẹni tó bá ní in, ó ti tó yín. Kí ẹ sì má fojú tẹ́ńbẹ́lú ṣọkọ. Ṣọkọ tí a fi ń sebẹ̀ yẹn, tí ẹ bá jẹ́ kó dàgbà kó yọ orí, irú èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n máa ń yọ ìrù àlùkò tó lẹ́wà gan-an, ewé rẹ̀ sì ti wọ ìkòkò kó tó dìgbà yẹn.

Fún ẹ̀ẹ̀rùn, bougainvillea níbi tí oòrùn wà, àti igi kan tí ẹ lè má retí pé màá dárúkọ: àkòko. Bẹ́ẹ̀ ni, àkòko tí wọ́n ń fi ewé rẹ̀ jẹ oyè. Ènìyàn mélòó ló ti wo òdòdó rẹ̀ rí? Ó fẹ̀, ó rí bí agogo, àlùkò tó fẹ́ jọ osùn díẹ̀, tí ilà tín-ín-rín wà nínú rẹ̀. Ìdílé kan náà lòun àti jacaranda. Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ tó tó ọwọ́ ọmọdé ní ìnípọn, ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó máa hù. Ilẹ̀ tó tutù díẹ̀ ló fẹ́ràn, nítorí náà ẹ fún un lómi ní ẹ̀ẹ̀rùn méjì àkọ́kọ́. Ìpọ́njú kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé gbogbo Yorùbá tó bá wọ ilé yín ló máa bi ọkọ yín pé oyè wo ló fẹ́ jẹ. Jacaranda gan-an, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ní ilẹ̀ tó fẹ̀. Igi ńlá ni, ẹ má gbìn ín sítòsí fẹ́ǹsì tàbí sókàwéè, èyí tí wọ́n bá sì fi kóró gbìn lè gbà ju ọdún méje lọ kó tó tan.

Láti so ìgbà méjèèjì pọ̀, ẹ wá Tradescantia pallida, ewé pọ́pù tó ń tàn mọ́lẹ̀ yẹn. Ara ewé rẹ̀ ni àwọ̀ náà wà, nítorí náà kì í ní "àsìkò". Inú oòrùn ló ti ń pọ́pù dáadáa, lábẹ́ ìbòòji ó máa ń di aláwọ̀ ewé. Ẹ̀ka tí ẹ bá ṣẹ́ lọ́dọ̀ aládùúgbò ti tó. Omi ara rẹ̀ lè yún ọmọdé lára, ẹ gbìn ín sí ọ̀nà jíjìn sí ibi tí àwọn Ìbejì ti ń ṣeré. Periwinkle náà wà, ti Madagascar, tó ń tan ní gbogbo ìgbà, ewúrẹ́ kì í sì í jẹ ẹ́. Ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ vincristine tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ìyẹn túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ jẹ ewé rẹ̀. Ó korò, ọ̀pọ̀ ọmọ á tu ú dànù, àmọ́ ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ wọn kò dé. Èyí tí mo ní kí ẹ má gbìn rárá títí wọ́n á fi dàgbà ni Duranta. Ṣé ẹ mọ igi aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n ń gé pẹrẹsẹ lójú ọ̀nà? Irú rẹ̀ ni. Tí wọn kò bá gé e, òdòdó pọ́pù ló ń yọ. Ṣùgbọ́n èso wẹ́wẹ́ rẹ̀ jọ mindin-mindìn lójú ọmọdé, májèlé sì ni. Ruellia pọ́pù dára, ó sì lágbára. Inú ìkòkò nìkan ni kí ẹ gbìn ín sí, tí omi bá kan èso rẹ̀ ńṣe ló ń bẹ́ tá, tó ń fọ́n kóró káàkiri. Ẹ tún rántí pé bougainvillea náà lẹ́gùn-ún. Ẹ jẹ́ kó wà lára fẹ́ǹsì, kó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà.

Ilẹ̀ yín. Àwọn tó kọ́lé ti ha yẹ̀pẹ̀ dúdú òkè lọ, ohun tó kù ni yẹ̀pẹ̀ pupa tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Kòtò ẹsẹ̀ bàtà 2 ní fífẹ̀, 2 ní jíjìn, ni kí ẹ gbẹ́. Kí ẹ tó gbin ohunkóhun, ẹ pọn omi kún un lálẹ́. Tí omi bá ṣì wà níbẹ̀ láàárọ̀, ìkòkò lẹ gbẹ́, kì í ṣe kòtò. Ẹ fi dígà lu ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí á fi mu omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ oṣù Keje á pa gbogbo ohun tí ẹ bá gbìn. Ìgbẹ́ màlúù tó ti gbẹ, tó sì ti jẹrà, ni kí ẹ pò mọ́ yẹ̀pẹ̀ dúdú. Ìgbẹ́ adìẹ tútù máa ń jó gbòǹgbò, ó yẹ kó ti wà nílẹ̀ bí oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Ní ti omi méruwà, ẹ fi èèpo ẹ̀pà bo ẹsẹ̀ igi kí ilẹ̀ má tètè gbẹ, ṣùgbọ́n ẹ fi àyè ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀ yí ìdí rẹ̀ ká torí ikán. Omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì dára fún wọn.

Lórí pé kí gbogbo ẹ̀ jẹ́ pọ́pù látòkè délẹ̀, ilé yín ni, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi. Àwọ̀ yìí máa ń sá sẹ́yìn. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti ń dé, ó máa ń tètè di dúdú, yẹ̀pẹ̀ pupa wa kì í sì í gbé e yọ. Ẹ fi funfun díẹ̀ tàbí yẹ́lò díẹ̀ sí i, bí ìdá kan nínú márùn-ún, pọ́pù yín á jáde.

Bougainvillea mẹ́ta tó wà nílẹ̀, ẹ má hú wọn ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ dúró di oṣù Kẹfà, ẹ gé wọn wálẹ̀ dé orúnkún, ẹ gbẹ́ wọn tòun ti yẹ̀pẹ̀ ìdí wọn, kí ẹ gbé wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ti ń kàn fún wákàtí mẹ́fà ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ fún wọn lómi dáadáa títí gbòǹgbò á fi mú ilẹ̀. Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án bá ń parí lọ, ẹ gé ṣóńṣó gbogbo ẹ̀ka, torí orí ẹ̀ka tuntun ni òdòdó ti ń jáde. Tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, kò sí omi àràárọ̀ mọ́, kò sí ìgbẹ́ adìẹ. Ẹ dúró títí ewé á fi rọ̀ díẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ wá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní garawa omi kan, kí ẹ sì tún dúró. Tí oṣù Kìíní bá parí tí ẹ̀gún ṣì ń hù níbi tó yẹ kí òdòdó wà, ẹ ya fọ́tò igi náà ní aago kan ọ̀sán, kí òjìji ilé hàn nínú rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.